Ẹ̀kọ́ Fún Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Ìwé Owó Wa Nínú Kọ̀ǹpútà

Ìwé owó ẹgbẹ́ ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí fún oṣù mẹ́ta yìí. Kì í ṣe àwọn akọ̀wé nìkan ni a ń bá sọ̀rọ̀ o. Gbogbo ẹni tó bá ní kọ́bọ̀ kan nínú àpò ẹgbẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Láti 1937 tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ti Gbedun, ní Ọ̀nà-Àrà wa yìí, ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin 1935, ni àwọn bàbá wa ti mọ̀ pé ìwé ni ẹgbẹ́ fi ń dúró. Ẹni tó kó kòkó wá, ìwé ló ń sọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó yáwó, ìwé ló ń sọ iye tó kù lọ́rùn rẹ̀. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti gbé ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà a máa ṣírò kíákíá. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí a kọ sínú rẹ̀.

A mọ ẹgbẹ́ kan ní agbègbè wa, a kò ní dárúkọ rẹ̀. Olóòótọ́ ènìyàn ni akọ̀wé wọn, kò jí kọ́bọ̀ rí. Inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo àkọsílẹ̀ wọn wà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ó ń da á kọ sínú fláàṣì, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tó ṣí fláàṣì náà wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Lọ́jọ́ tí iná mànàmáná dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀jù, kọ̀ǹpútà jó. Wọ́n ki fláàṣì bọ òmíràn. Orúkọ àkọsílẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣí. Ó wá ku ìwé ìfowópamọ́ tó wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn tí ìwé wọn pé gba ẹ̀tọ́ wọn láìjiyàn. Ṣùgbọ́n ìyá kan tó ń ta gàrí ti fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé láti ọdún méjì, kò sì ní ohun tó lè nà sókè. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ wà nínú owó náà. Oṣù mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ fi ń wá rìsíìtì kiri kí wọ́n tó mọ iye tó tọ́ sí i. Ọmọ náà ti pàdánù táàmù kan kí owó tó jáde.

Kí ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀? Pé akọ̀wé jẹ́ olóòótọ́ nìkan kò tó. Àkọsílẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo lè yẹ̀ wò kò tíì di ti ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a gbé e wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ìkíní: Nọ́ńbà kan fún ọmọ ẹgbẹ́ kan. Ràfíù lè tó mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Akọ̀wé kan á kọ Rafiu, òmíràn á kọ Rafiyu fún ẹnì kan náà, kọ̀ǹpútà á sì rò pé ènìyàn méjì ni. Ní 1970, E. F. Codd, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan lórí bí a ṣe ń to àkọsílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó ní kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní àmì tí kò sí lára ìlà mìíràn. Nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ ni àmì tiwa. Ẹ má fi nọ́ńbà fóònù ṣe é, nítorí ènìyàn a máa pààrọ̀ fóònù. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá sì kúrò, ẹ má fi nọ́ńbà rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ìkejì: Ẹ má pa ohunkóhun rẹ́. Nínú lẹ́jà àtijọ́, bí akọ̀wé bá ṣì í kọ, yóò fa ìlà sórí rẹ̀, yóò kọ èyí tó tọ́, yóò sì buwọ́ lù ú. Bákan náà ni kí ẹ ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá kọ ₦5,000 dípò ₦500, ẹ kọ ìlà tuntun tí yóò yọ ₦4,500 kúrò, kí ẹ kọ ìdí àti ọjọ́ sí i. Ẹni tó bá yẹ̀wé wò lẹ́yìn ọdún kan gbọ́dọ̀ lè rí àṣìṣe náà àti àtúnṣe rẹ̀.

Ìkẹta: Ibi méjì ni owó kọ̀ọ̀kan ń dé. Bí ẹgbẹ́ bá yá ènìyàn ní ₦100,000, owó dín nínú àpò ẹgbẹ́, gbèsè sì wọ orúkọ ẹni náà. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ kọ ọ̀kan tí ẹ kò tíì kọ èkejì, ìwé ti di irọ́. Nítorí náà, bí iná bá padà dé, ohun tí ẹ ń kọ nígbà tó lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ kọ èyí tó kù kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn.

Ìkẹrin: Bí àròpọ̀ kò bá dọ́gba. Ẹ má fi owó ara yín dí i. Ẹ wo iye tí wọ́n fi yàtọ̀. Bí 9 bá pín in láìṣẹ́kù, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gbé nọ́ńbà méjì sípò ara wọn: ₦5,400 tí a kọ ní ₦4,500 yóò mú ìyàtọ̀ ₦900 wá. Òdo tó lé tàbí tó dín náà máa ń rí bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ₦4,500 tí a rí lókè. Bí 9 kò bá pín in, ẹ dá ìyàtọ̀ náà sí méjì, kí ẹ sì wá iye náà nínú ìwé: ₦3,000 tó wọlé tí a kọ sí owó tó jáde yóò mú ìyàtọ̀ ₦6,000 wá. Bí ẹ kò bá tíì rí i, ẹ wá rìsíìtì tó jẹ́ iye ìyàtọ̀ náà gan-an. A lè ti gbàgbé rẹ̀, tàbí kí a ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìkarùn-ún: Ẹ tọ́jú ẹ̀dà, kí ẹ sì máa ṣí i wò. Kí àkọsílẹ̀ wà ní ibi mẹ́ta: nínú kọ̀ǹpútà, nínú fláàṣì tí a ń yọ kúrò lára rẹ̀, àti ní ilé ẹlòmíràn nínú ìgbìmọ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2017, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ GitLab, tó ń tọ́jú iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé, ṣèèṣì pa àkọsílẹ̀ gidi rẹ́. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n rò pé àwọn ń gbà tọ́jú ẹ̀dà. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà kan tí wọ́n ti ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ síta kí ẹlòmíràn lè kọ́gbọ́n. Bí ó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀gá iṣẹ́ náà, ó lè ṣẹlẹ̀ sí wa. Lóṣooṣù, kí akápò ṣí ẹ̀dà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó sì fi owó ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta wé ìwé ọwọ́ wọn. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò, ìrètí lásán ni.

Ìkẹfà: Kí olúkúlùkù ní ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Kí ẹni tó ń gba owó má jẹ́ ẹni tó ń kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ aṣínà àgbà sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí alága fi pamọ́, nítorí àìsàn kì í sọ ọjọ́ tí yóò dé.

Iṣẹ́ tiyín, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, kò pọ̀. Ẹ má fi ìwé ìfowópamọ́ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹ gba rìsíìtì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kà á fún yín nílé. Bíbéèrè owó ẹni kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Ìbéèrè fún ìpàdé tó ń bọ̀:
1. Ta ló ṣí ẹ̀dà ìwé ẹgbẹ́ wa wò kẹ́yìn, ní ọjọ́ wo?
2. Bí kọ̀ǹpútà wa bá jó lálẹ́ òní, kí ni a ó fi san owó ọmọ ẹgbẹ́?
3. Ìwé ìfowópamọ́ àwọn wo ni kò sí lọ́wọ́ wọn?

Kí ẹ kọ ìdáhùn sínú ìwé ìpàdé yín.