Kì í Ṣe Gbogbo Ohun Àtijọ́ Ni Ìṣẹ̀ǹbáyé

Tọkọtaya kan ládùúgbò wa fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, wọ́n sì pinnu pé àwọn yóò rin ilẹ̀ Yorùbá wò kí ẹsẹ̀ tó wúwo. Oníkàn l'Ékòó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba Ìkẹjà, Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kọjá, wọ́n sì parí rẹ̀ sí Ilé-Ifẹ̀. Ibi gbogbo tí wọ́n dé ni Bàbá Ìbejì ti ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Ohun kan náà ni wọ́n ń kọ sábẹ́ gbogbo rẹ̀: "Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rèé." Ìyá Ìbejì kò gbà. "Bàbá Ìbejì, ẹ dákun, ọkọ̀ tí wọ́n pa Murtala sínú rẹ̀ ńkọ́? Mo ti wà nílé ìwé girama nígbà yẹn. Ṣé èmi náà ti di ìṣẹ̀ǹbáyé ni?" Wọ́n gbé ẹjọ́ náà wá fún mi.

Ìyá Ìbejì ló jàre.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. "Ìṣẹ̀" tó wà nínú ìṣẹ̀ǹbáyé ni ìpìlẹ̀, ibi tí nǹkan ti ṣẹ̀ wá. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni ohun tó ti ń bá ayé bọ̀ tipẹ́tipẹ́, tí kò sí alààyè kan tó lè sọ pé ìṣojú òun ni wọ́n ṣe é. Àwọn orí idẹ Ifẹ̀ yẹ fún orúkọ yìí. Ní 1938 ni àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́bàá ààfin Ọọ̀ni, kàn wọ́n nínú ilẹ̀. Wọ́n sì ti wà níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí ọkọ́ tó kàn wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn náà, òkúta tí gíga rẹ̀ lé ní mítà 5, ìṣẹ̀ǹbáyé ni.

Ṣùgbọ́n bí afinimọ̀nà Ifẹ̀ bá ń sọ bí Odùduwà ṣe fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ sílẹ̀ láti ọ̀run, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ìṣẹ̀ǹbáyé. Ìtàn ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Ìwáṣẹ̀ ni ti ìgbà tí ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá. Orí idẹ ṣeé fọwọ́ kàn, ìwáṣẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ kò fún èyíkéyìí nínú wọn ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀.

Àdìrẹ tí Ìyá Ìbejì rà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta, ńkọ́? Àtayébáyé ni mo máa ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò tíì kú. Ìyá fi lé ọmọ lọ́wọ́, ọmọ fi lé ọmọ tirẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì tún ń rẹ ẹ́ láàárọ̀ òní.

Ọkọ̀ Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà nígbà náà, wá yàtọ̀ pátápátá. Mercedes dúdú ni, ó wà ní mùsíọ́mù tó wà ní Oníkàn, ihò ọta ìbọn sì wà lára rẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù Kejì, ọdún 1976 ni wọ́n yìnbọn pa á sínú rẹ̀ l'Ékòó. Àìmọye ènìyàn tó gbọ́ ìkéde náà lórí rédíò ṣì wà láyé. Ohun mánigbàgbé ni, ohun ìrántí ni. Bí a bá pè é ní ìṣẹ̀ǹbáyé, ńṣe la ń sọ fún ọmọdé pé ọ̀rọ̀ náà ti jìnnà ju ohun tí bàbá rẹ̀ lè ròyìn fún un lọ, bẹ́ẹ̀ ẹlẹ́rìí jókòó sílé. Bákan náà ni ilé Fẹlá olórin ní Ìkẹjà, tí wọ́n sọ di mùsíọ́mù ní 2012. Aṣọ rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀, sàréè rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ilé ìrántí Fẹlá ló yẹ ká máa pè é.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èdè wa náà mọ iye ìgbà tí àkísà kọ̀ọ̀kan ti lò, ó sì fún un lórúkọ.

Ilé Fẹlá yìí ni Bàbá Ìbejì ti kọ "Mo ń mísì ayé ọjọ́un." Èyí dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó dáa jù ú lọ wà nílẹ̀: "Àárò ayé ọjọ́un ń sọ mí." Ẹ kíyè sí i pé àárò ló ń ṣiṣẹ́ nínú gbólóhùn yẹn, ènìyàn ló ń ṣe é sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ebi ń pa wá, tí òùngbẹ ń gbẹ wá, tí òtútù ń mú wa. Àárò kì í tọrọ àyè, ó kàn ń sọ ni ni. "Mo ṣàárò rẹ̀" náà tọ̀nà. Èyí tí kò tọ̀nà ni "mo ń sọ àárò", tí mo ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́.

Ìbàdàn ló wú mi lórí jù nínú ìrìn àjò wọn, nítorí orúkọ tí àwọn ará ìlú fúnra wọn sọ àwọn ilé níbẹ̀. Ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ sórí Òkè Àrẹ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ ṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, àwọn ará ìlú kò pè é ní Bower. Láyípo ni wọ́n ń pè é, torí àkàsọ̀ inú rẹ̀ tó ń yí ẹni tó ń gùn ún po. Ilé Kòkó, alájà 26, tí wọ́n parí ní 1965, di Àwòṣífìlà, ilé tí ènìyàn ń gbójú sókè wò títí fìlà fi ṣí lórí. Kò sí ìgbìmọ̀ kankan tó jókòó ṣe orúkọ wọ̀nyí. Ẹnu ará ọjà ni wọ́n ti jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àlàyé sára gíláàsì ní àwọn mùsíọ́mù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ Yorùbá sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe yẹ: ìwáṣẹ̀ lọ́tọ̀, ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́tọ̀, ìrántí lọ́tọ̀.