Purotéènì Gígé: Ṣé Oúnjẹ Lè Di Oògùn Ara Wíwú?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Àwa tí a ti wà ní Sókótó, tí a ń ra nono àti awara ní Runjin Sambo, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń wá nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀.

Kí ni ara wíwú?
Bí ẹ̀gún bá gún ènìyàn lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á wú, á sì máa ro ó. Ara ló ń bá kòkòrò àrùn jà. Ìjà yìí dára bí ó bá tètè parí. Bí kò bá parí, a máa ba oríkèé, ìfun àti iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Oògùn bí ibuprofen ń pẹ̀tù sí i, ṣùgbọ́n bí a bá lò ó pẹ́, ó lè dá ọgbẹ́ sí inú. Ìdí nìyí tí a fi ń wá ọ̀nà mìíràn.

Kí ni pẹ́pítáìdì?
Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ gígùn tí a sín. Ásíìdì àmínò ni ọmọ ìlẹ̀kẹ̀ náà, oríṣi 20 ni wọ́n. Bí a bá gé ìlẹ̀kẹ̀ yìí sí kéékèèké, ègé kọ̀ọ̀kan ni pẹ́pítáìdì. Ègé kan lè ṣe iṣẹ́ tí odindi kò lè ṣe.

Nínú ẹ̀wà sóyà, tí a fi ń ṣe awara, ni lunasin wà: ọmọ ìlẹ̀kẹ̀ 43 péré. Ní ọdún 2009, Elvira de Mejia àti Vermont Dia ní Yunifásítì Illinois fi hàn pé ó ń dín ara wíwú kù nínú sẹ́ẹ̀lì eku tó ń gbé kòkòrò àrùn mì. Lọ́dún kan náà, Chibuike Udenigwe àti olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Rótìmí Àlùkò, ní Yunifásítì Manitoba ní Kánádà, rí irú ipa bẹ́ẹ̀ nínú pẹ́pítáìdì irúgbìn flax.

Báwo ni a ṣe ń ṣe é?
1. A ó yọ purotéènì inú irúgbìn.
2. A ó fi ẹ́ńsáìmù gé e. Papain, tí a ń rí nínú oje ìbẹ́pẹ, wà lára àwọn tí a ń lò.
3. A ó sẹ́ ègé kéékèèké kúrò lára ńláńlá, a ó sì dán wọn wò lára sẹ́ẹ̀lì.
4. A ó ka ọmọ ìlẹ̀kẹ̀ inú èyí tó ṣiṣẹ́ jù, a ó wá sín tiwa, lọ́nà tí Bruce Merrifield fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1984. A lè pààrọ̀ ọmọ kan, tàbí kí a so orí mọ́ ìdí, kí ó má tètè já.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà
Inú wa pàápàá ń gé purotéènì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gún insulin ní abẹ́rẹ́ dípò kí a gbé e mì. Ohun tó ṣiṣẹ́ nínú àwo àyẹ̀wò lè má dé oríkèé. Nítorí náà, ẹni tí orúnkún rẹ̀ wú, dókítà ni kó lọ rí. Kó má fi awara ṣe oògùn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ bayokẹ́mísìrì, ẹ̀wà wa ń bẹ, irú wa ń bẹ, ìbẹ́pẹ tí yóò gé wọn ń bẹ lẹ́yìnkùlé. Ẹ jẹ́ kí a mú iṣẹ́ àṣekágbá wa ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.