Ojora Níwájú Èrò: Kí Ló Ń Ṣe Wá Gan-an?

Mo mọ̀ pé ẹ ò tíì gbàgbé. Ní Ọjọ́rú kan ní táàmù tó kọjá, èmi ni mo bọ́ síwájú asẹ́ḿbílì láti ka ìròyìn lédè Yorùbá. Mo ti kà á nílé tó ìgbà mẹ́wàá. Màmá mi pàápàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n sórí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gba máíkì, tí mo gbójú sókè, tí mo rí ìlà láti JSS1 títí dé SS3, tí gbogbo wọn ń wò mí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bọ́ lẹ́nu mi ni pé, “Ibi tí ìròyìn wa parí sí nìyẹn o.” Mi ò tíì ka ẹyọ kan ṣoṣo! Ẹ̀rín tó sọ lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń ta àkàrà lẹ́yìn fẹ́ǹsì gbọ́ ọ. Títí dòní, àwọn kan ní SS2 ò pe orúkọ mi mọ́. “Ìròyìn Parí” ni wọ́n ń pè mí.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi wọ́n sùn. Tíṣà tó ń darí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn wa ló ní kí n kọ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí sórí pátákó, wọ́n ní ẹni tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí ló lè ròyìn rẹ̀. Mo kọ́kọ́ kọ̀. Ọ̀rọ̀ àǹtí mi ló jẹ́ kí n gbà.

Àǹtí mi parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ lọ́dún tó kọjá, wọ́n sì rí iṣẹ́ ìṣirò owó ṣe ní ọ́fíìsì kan. Ẹ fi wọ́n sídìí ìwé ìṣirò, ẹ máa rí i pé orí wọn pé. Àmọ́ ní ọ́fíìsì yẹn, láràárọ̀ Mọ́ńdè ni gbogbo òṣìṣẹ́ máa ń jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan á dìde, á sọ ohun tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré! Nítorí rẹ̀, àǹtí mi kì í sùn lóru Sọ́ńdè. Láti ìrọ̀lẹ́ ni inú á ti máa run wọ́n. Lọ́sẹ̀ kan, wọ́n ṣe iṣẹ́ ńlá: owó kan tí kò bára mu nínú àkọsílẹ̀ láti bí oṣù mẹ́ta, àwọn ni wọ́n wá ibi tó ti ṣẹ́ kù rí. Nígbà tó di Mọ́ńdè, àyà wọn já, wọ́n gbé ìwé náà fún ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé kó bá àwọn kà á. Ẹni yẹn kà á dáadáa, ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí ọ̀gá máa yan ẹni tó máa lọ ṣe irú iṣẹ́ yẹn ní ẹ̀ka mìíràn, ẹni tó kà á ló yàn.

Nígbà tí mo ròyìn ti “Ìròyìn Parí” fún àǹtí mi, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, “Èmi ò tiẹ̀ dé ìdí máíkì rárá, àbúrò mi. Ìwọ sàn jù mí lọ.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Gbogbo wa níhìn-ín la rò pé bí a bá ti ṣe WAEC tán, ọ̀rọ̀ asẹ́ḿbílì ti tán nìyẹn. Irọ́ ni o. Tíṣà ń sọ̀rọ̀ lójú èèyàn, lọ́yà ń sọ ọ́, nọ́ọ̀sì tó fẹ́ fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ń sọ ọ́, ẹni tó ń wáṣẹ́ pàápàá á sọ ọ́ kí wọ́n tó gbà á. Ìdí nìyẹn tí èmi àti àǹtí mi fi jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo họlidé, tí a ń kà á, tí a ń dán an wò.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ẹ̀yin ará Science class, ẹ bá mi gbé e. Lórí kíndìnrín wa méjèèjì, ohun kékeré kan wà tó dé e bíi fìlà. Adrenal gland ni ìwé Báyọ́lọ́jì wa ń pè é. Bí ọpọlọ bá ti fura sí ewu, á ránṣẹ́ síbẹ̀, ibẹ̀ á sì tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé ẹsẹ̀ àti apá. Ẹ̀jẹ̀ á dín kù níkùn, inú á sì máa ru. Itọ́ á gbẹ lẹ́nu. Òógùn á máa ṣàn kí ara má bàa gbóná jù. Iṣan tó ti múra à ti sá tàbí à ti jà, tí kò rí ibi tó máa sá sí, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ajá ń lé gan-an nìyẹn. Ara ò ṣàìsàn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ibi tó ti ṣì í ni pé kò sí ajá kankan lórí asẹ́ḿbílì.

Àbí ajá wà? Ní 1993, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Kirschbaum, Pirke àti Hellhammer, tẹ ìwé jáde lórí ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń dán ìpayà wò ní yunifásítì ìlú Trier ní Jámánì. Wọn ò fi ejò dẹ́rù bani, wọn ò na ẹnikẹ́ni. Wọ́n á ní kí èèyàn dúró síwájú àwọn kan tí kò ní rẹ́rìn-ín, tí kò ní mi orí, kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún sọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gba òun síṣẹ́. Bó bá parí ìyẹn, kó máa yọ 13 kúrò nínú 1,022, kó máa yọ ọ́ lọ láìdúró: 1,009, 996, 983. Tó bá ti ṣì í, ó di kó padà sí 1,022. (Ẹ dán an wò pẹ̀lú ẹni tó jókòó tì yín, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí tíṣà Matimátíìkì gbọ́.) Títí dòní, ọ̀pọ̀ onímọ̀ tó bá fẹ́ rí bí ìpayà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara ṣì ń lo ọ̀nà yìí. Ẹ wò ó: nínú gbogbo ohun tó lè ba àgbàlagbà lẹ́rù, ọ̀rọ̀ sísọ níwájú ẹni tó ń díwọ̀n wọn ni wọ́n yàn. Ojú èèyàn gan-an ni ajá yẹn.

A ò mọ èyí tí inú ń run

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí òun ló yí ọ̀rọ̀ èmi àti àǹtí mi padà. Tí àyà rẹ bá ń lù, ìwọ á máa gbọ́ ọ bí ìlù bàtá. O máa rò pé gbogbo èèyàn ló ń gbọ́ ọ. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Kenneth Savitsky àti Thomas Gilovich, dán irú ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2003. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sọ̀rọ̀ ní ṣókí. Àwọn tó sọ̀rọ̀ rò pé ẹ̀rù àwọn hàn síta gan-an. Àwọn tó ń gbọ́ wọn ò rí i tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, wọ́n sì ṣàlàyé fún apá kan nínú wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ pé, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yín ò hàn tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Àwọn tó gbọ́ àlàyé yìí sọ̀rọ̀ dáadáa ju àwọn yòókù lọ, kì í sì í ṣe lójú ara wọn nìkan, àwọn tó ń wò wọ́n náà rí i bẹ́ẹ̀. Wọn ò fún wọn lóògùn. Wọn ò kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe dúró tàbí bí wọ́n á ṣe ju ọwọ́. Òótọ́ kan péré ni wọ́n sọ fún wọn.

Èmi náà ṣèwádìí tèmi. Mo bi àwọn márùn-ún ní kíláàsì wa pé kí ni wọ́n rí lára mi ní Ọjọ́rú yẹn. Gbogbo wọn ló rántí “ìròyìn parí,” mi ò lè jiyàn ìyẹn. Mo wá ní, ẹsẹ̀ mi ńkọ́? Wọ́n ní, ẹsẹ̀ kí ni? Ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n rìrì bíi ti ẹni tí ibà mú, tí mo rò pé JSS1 ń wò láti ẹ̀yìn!

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a máa ń sọ fún ara wa: “Fọkàn balẹ̀, fọkàn balẹ̀.” Ṣé ọkàn máa ń gbọ́? Alison Wood Brooks ní yunifásítì Harvard dán ìyẹn wò, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2014. Nígbà tí àwọn èèyàn fẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn tó sọ fún ara wọn pé ara àwọn ti wà lọ́nà ṣe dáadáa ju àwọn tó sọ fún ara wọn pé ọkàn àwọn balẹ̀. Mo rò ó, mo sì gbà. Àyà tó ti ń lù ò lè ṣàdédé dákẹ́. Àmọ́ àyà wa ń lù bákan náà tí ilé-ẹ̀kọ́ wa bá fẹ́ gbá pẹnáritì, a ò sì pe ìyẹn ní àìsàn.

Lọ́yà tó sá jáde ní kóòtù

Ẹ jẹ́ n fi ẹnì kan kún un tí gbogbo wa mọ orúkọ rẹ̀: Mohandas Gandhi, ẹni tó ṣíwájú ìjà òmìnira Íńdíà. Nígbà tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà ní London, ó kọ ọ̀rọ̀ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kún ojú ìwé kan fún ìpàdé àwọn tí kì í jẹran. Ó dìde láti kà á, ojú rẹ̀ ṣú, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹlòmíràn ló bá a kà á. (Mo ka ibẹ̀ sétí àǹtí mi, wọ́n ní, “Yéè, èmi nìyí!”) Ó di lọ́yà ní 1891, ó padà sílé. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tó gbà ní kóòtù kan ní Bombay, rúpì 30 ni wọ́n san fún un. Ó dìde láti bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀. Orí rẹ̀ pòòyì, ó dà bíi pé kóòtù náà ń yí, kò rí ìbéèrè kan ṣoṣo bi. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún lọ́yà mìíràn, ó dá owó wọn padà, ó sì yára jáde. Lọ́yà ni o! Ẹnu ló fi ń jẹun.

Ní 1893 ó lọ ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ìlú Pretoria, ó pe àwọn ará Íńdíà tó ń gbé níbẹ̀ jọ, ó bá wọn sọ̀rọ̀ nípa òtítọ́ nídìí òwò. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé a lè pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí òun sọ níwájú èrò, àti pé òun ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ dáadáa. Kí ló yàtọ̀? Èrò tèmi ni pé ní Bombay, ara rẹ̀ ló ń wò. Ní Pretoria, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jù ú sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin nítorí àwọ̀ rẹ̀, ó mọ ìyà tó ń jẹ àwọn tó pè jọ; ọ̀rọ̀ náà ló gbà á lọ́kàn, kò ráyè wo ara rẹ̀. Kò sì purọ́ pé ìtìjú òun lọ pátápátá. Ó ní ó dín kù ni.

Ohun tí èmi àti àǹtí mi ṣe

A jáwọ́ nínú kíkọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ sórí. Ẹni tó há gbogbo rẹ̀ sórí, bí ọ̀kan bá já bọ́, gbogbo rẹ̀ á tú ká bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan la máa ń há, torí ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rù máa ń pọ̀ jù. Tí èèyàn bá ti kọjá ìṣẹ́jú kan, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ìyókù, kókó-kókó ni, ní lẹ́tà gàdàgbà. Mo tún lẹ ìwé ìròyìn mi mọ́ páálí líle. Ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń tú àṣírí ọwọ́ tó ń gbọ̀n! A máa ń dúró kà á sókè, kì í ṣe ká sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ká fi ojú kà á: fún Màmá lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà fún Màmá àti àwọn ará yàrá kejì. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń mí sínú, màá wá mí síta díẹ̀díẹ̀ kó pẹ́ ju èyí tí mo mí sínú lọ. Àǹtí mi ò kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀ ní Mọ́ńdè. Ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, méjì ní ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹnì kan fún wọn ní oògùn pé kí wọ́n mu ún kí àyà má bàa já. Wọn ò mu ún. Dókítà ló lè sọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ féèyàn. Bí ẹ̀rù yìí bá sì ti ń lé ẹnikẹ́ni nínú wa kúrò ní kíláàsì, kó lọ bá tíṣà tó ń gbani nímọ̀ràn sọ ọ́.

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ má bínú sí mi o. Tí ẹ bá pe èèyàn dìde, tí kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà dé mẹ́wàá nínú ọkàn yín kẹ́ ẹ tó ní kó jókòó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdáhùn ti wà lẹ́nu. Ẹnu ló gbẹ.

Mọ́ńdè méjì sẹ́yìn, àǹtí mi dìde, wọ́n sọ iṣẹ́ wọn fúnra wọn. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n bi ẹni tó jókòó tì wọ́n bóyá ó rí i. Ó ní, “Rí kí ni? Èmi tí mo ń rò pé èmi ló kàn!”

Ní tèmi, Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni mo tún máa ka ìròyìn. Páálí mi ti wà nílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dìgbà tí mo bá sọ pé ìròyìn parí.