Imí Ọjọ́ àti Bàbà fún Òdòdó Inú Ìkòkò

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ewé òdòdó tí ẹ ń tà bá funfun bí ìgbà tí wọ́n da ìyẹ̀fun sí i, òògùn imí ọjọ́ ló bá a mu. Bó bá jẹ́ àmì dúdú tó ń ràn, ti bàbà ni, irú èyí tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń fọ́n. Àmọ́ ìdènà ni, kì í ṣe àwòtán o! Àwa náà ti fọ́n ọn sí ewé tó ti rà tán, owó lásán la ná. Ẹ kọ́kọ́ já ewé tó bàjẹ́ dànù, kí ẹ tó fọ́n ọn sára èyí tó kù. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ fọ́n imí ọjọ́, torí nínú oòrùn ọ̀sán, ó máa ń jó ewé. Abọ́ tí ẹ fi pò ó, ẹ má fi wọn gaàrí mọ́ láé.