Ẹ̀kọ́ Lára Ọ̀nà Tí Ó Yí Òkè Ká

Òkè gíga kan wà ní ààlà ilẹ̀ Faransé àti Ítálì. Mont Blanc ni orúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Òkè Funfun. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan yí i ká. Ó gba Faransé, Ítálì àti Switzerland kọjá, ó sì padà síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó tó nǹkan bí kìlómítà 170; ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi nǹkan bí ọjọ́ 10 rìn ín.

Láti ojú ọ̀nà yìí ni a ti ń rí odò yìnyín, èyí ni omi dídì tí ó nípọn, tí ó ń rọra wọ́ sọ̀kalẹ̀ lára òkè. Ọ̀kan nínú wọn, Mer de Glace, ń dín kù gan-an nítorí pé ayé ń gbóná sí i.

Agbára ẹsẹ̀ nìkan kò tó fún ìrìn yìí. Yìnyín lè ṣì bo ọ̀nà lókè ní oṣù Kẹfà. Ní ìgbà ooru, ààrá a máa sán lọ́sàn-án. Nítorí náà, àwọn tí ó gbọ́n a máa gbéra ní kùtùkùtù. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, wọn a yí padà. Òkè kò ní sá lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.

Ìbéèrè: Kí ni ó ń mú kí ẹni tí ó ti rí ewu kọ̀ láti yí padà?