Ẹ̀kọ́ Wa Ti Oṣù Yìí: Ìyá Opó Àti Ìkòkò Òróró Kan

Ẹ̀kọ́ wa wá láti inú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4, ẹsẹ 1 dé 7. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ojú ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni, gbèsè ò sì béèrè ẹ̀sìn kó tó wọlé ẹni.

Obìnrin tí à ń wí yìí, Bíbélì ò dárúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn ọmọ wòlíì, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì kú. Gbèsè ló fi sílẹ̀. Olówó dé, ó ní òun yóò kó ọmọkùnrin méjèèjì lọ ṣe ẹrú. Nílẹ̀ Ísírẹ́lì ayé ìgbà náà, kì í ṣe ohun àjèjì. Òfin wọn gbà kí ènìyàn fi ara sin gbèsè, àmọ́ ó fi gbèdéke sí i: ọdún 6 ni yóò sìn, ní ọdún keje kí wọ́n dá a sílẹ̀. Àwa náà mọ irú rẹ̀. Àwọn ìyá wa àgbà sọ̀rọ̀ ìwọ̀fà fún wa, bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ yá owó, tí ọmọ á máa ṣiṣẹ́ lóko olówó. Iṣẹ́ náà kì í dín gbèsè kù, èlé lásán ni. Títí wọn yóò fi san owó pé, ọmọ ò lè wálé.

Josephus, òpìtàn Júù ayé àtijọ́, kọ ọ́ pé opó Ọbadáyà ni obìnrin yìí, Ọbadáyà tó fi 100 wòlíì pamọ́ sínú ihò òkúta nígbà tí Jésébélì ń pa wọ́n, tó sì yá owó láti fi bọ́ wọn. Bíbélì ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá rí bẹ́ẹ̀, oore ló di gbèsè sí wọn lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká rántí èyí kí á tó máa sọ pé ìnákúnàá ló ba gbogbo onígbèsè jẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí obìnrin yìí ṣe, ó ké. Ó tọ Èlíṣà lọ, ó là á mọ́lẹ̀: ọkọ mi kú, gbèsè wà, wọ́n fẹ́ kó ọmọ mi. Kò fi bò. Àwa ọlọ́jà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ó wẹ̀, a ó de gèlè, a ó máa rẹ́rìn-ín, inú ń jó wa.

Àwa tí a ń kọ ìwé yìí mọ ohun tí à ń sọ. Ní oṣù kejì ọdún 2023 tí owó bébà di ọ̀wọ́n gógó, tí oníbàárà ní owó ní báńkì tí kò rí i gbà, tòmátì wa jẹrà sínú apẹ̀rẹ̀. Owó gbọ́mú-lé-lántà tí a gbà kò sì dúró de ẹnikẹ́ni, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni. A tún lọ yá òmíràn lórí fóònù láti fi san ti àkọ́kọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, wọ́n fi àwòrán wa ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù wa, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé olè ni wá. Àna wa rí i. Àwọn ará ìjọ rí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a ò fi yọjú sọ́jà. À ń gbàdúrà o, ṣùgbọ́n a ti ilẹ̀kùn mọ́ra wa, a ò sọ fún ẹnì kan. Ìtàn opó yìí ni a ń kà lójoojúmọ́, ọjọ́ tí a sì rí i pé ó kọ́kọ́ ké ná ni a tó gba ilé ìyálọ́jà lọ.

Èlíṣà bi í pé kí ló wà nílé rẹ. Ó ní kò sí nǹkan kan, àfi òróró ìkòkò kan. Òróró ólífì ni, èyí tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, tí wọ́n fi ń tan fìtílà, tí wọ́n sì fi ń para. Ojúlówó ọjà ni, ojú ìyà ni kò jẹ́ kó kà á sí.

Èlíṣà ní kó lọ yá ìkòkò òfìfo lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò, kí ó má yá díẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí! Ẹni tí gbèsè fẹ́ pa, wọ́n tún ní kó lọ yá nǹkan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó. Ó ní láti kan ilẹ̀kùn àwọn tó mọ̀ pé olówó ń dógò tì í, kí ó tọrọ ohun tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, láìlè ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ṣe. Lójú tiwa, ibí yìí ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ wà, ó ju ibi tí òróró ti ń dà lọ. Nígbà tí òróró bá ń dà, ta ni kò ní gbàgbọ́?

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń dà á. Àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ kó lẹ́rú ni wọ́n ń gbé ìkòkò fún un. Nígbà tó béèrè òmíràn, ọmọ ní ó tán. Òróró sì dá. Kò tún lọ ná owó lára rẹ̀, ó padà lọ sọ fún wòlíì. Wòlíì ní kó tà á, kó san gbèsè, kí òun àti ọmọ máa jẹ èyí tó kù. Gbèsè ṣáájú oúnjẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra aṣọ ẹbí kí ẹ tó san owó ọlọ́jà, ẹ tún ibẹ̀ kà. Ẹ sì wò ó o, Ìwé ò sọ pé Èlíṣà gba ìkòkò kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Kí àwọn tó ń ní kí opó mú èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ wá kí wọ́n tó gbàdúrà fún un tún ibẹ̀ kà pẹ̀lú.

Àwọn aládùúgbò ńkọ́? Ẹnì kan ló ní ìkòkò, tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ìyá kan wà láàrin wa, a ò ní dárúkọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí á kọ ọ́. Gbèsè lé e kúrò lọ́jà lọ́dún tó kọjá. Ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 13, kúrò nílé ìwé, ó lọ ń ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé ẹni tó yá ìyá rẹ̀ lówó. Gbogbo wa la gbọ́. Àwa kan tilẹ̀ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nídìí ọjà, a sì tún ń pe ara wa ní ọmọ ìjọ.

Ìyá náà ti padà sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ń ta èlùbọ́. Ọmọ ṣì wà lọ́hùn-ún. Owó tó kù jẹ́ ₦64,000. Ìyálọ́jà ti gbà kí á mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ẹ ka ẹsẹ 7 yẹn kí ẹ tó wá, ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, kí ọmọ rẹ̀ kà á fún un. Ẹni tó bá ní kòńgò tàbí àpò tí kò lò, kó mú un dání, ìyá náà nílò rẹ̀ fún èlùbọ́.