Kí Ni Ìlù Tony Allen Sọ?

Ní sáà tó kọjá, mo kọ ọ́ sínú iṣẹ́ sẹ́mínà mi pé Tony Allen ni onílù tó mú kí ìlù òyìnbó sọ èdè Yorùbá. Mo fẹ́ràn gbólóhùn náà gan-an. Nígbà tí olùkọ́ dá iṣẹ́ náà padà, ó ti fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí, ó sì kọ ìbéèrè kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Kí ló sọ?"

N kò rí èsì fọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lu drum set ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ti gbọ́ Tony Allen débi pé mo lè fi ẹnu lu púpọ̀ nínú ìlù rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ìlù náà sọ. Èmi tí mo pe ara mi ní akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tó wà ní ọdún àṣekágbá! Ibi tí ìbéèrè náà gbé mi dé ni mo fẹ́ kọ síbí.

Fún àwọn tí kò mọ Allen: Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1940. Tony Ọládiípọ̀ Allen ni orúkọ rẹ̀, kì í ṣe Àyàntúndé tàbí Àyánwálé. Kò jogún ìlù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlù fúnra rẹ̀, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rédíò. Nígbà tí Victor Ọláìyá gbà á sínú ẹgbẹ́ rẹ̀, igi kékeré méjì tí wọ́n ń lù mọ́ra ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, kí ó tó dẹni tó jókòó sídìí ìlù. Ní 1964 ni òun àti Fẹlá pàdé, wọ́n sì jọ ṣiṣẹ́ títí di òpin àwọn ọdún 1970. Paris ló wá fi ṣe ilé lẹ́yìn náà, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé àwọn ń kọ́ ọ: Max Roach àti Art Blakey ní Amẹ́ríkà, tó ń gbọ́ nínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, àti Guy Warren ará Gánà, ẹni tó padà sọ ara rẹ̀ di Kofi Ghanaba. Nínú ìwé ìròyìn kan ló ti ka àlàyé Max Roach lórí bí a ṣe ń lo hi-hat, ó sì jókòó ti ẹ̀kọ́ náà.

Kí ni hi-hat? Ẹ jẹ́ ká wo irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Drum set tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Baṣírí kò yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ó rí káàkiri Adó: béèsì ńlá tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ń tẹ̀, snare tí wáyà wà lábẹ́ rẹ̀, tom kékeré méjì àti ńlá kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, kímbálì méjì lókè, àti hi-hat yìí, ìyẹn kímbálì méjì tó dojú kọ ara wọn, tí ẹsẹ̀ òsì ń ṣí tó sì ń pa dé. Ike ni awọ ìlù náà. Ọyẹ́ kì í mú un le, òjò kì í mú un dẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ni a fi ń dè é, bí a bá sì ti dè é kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ohùn kan náà ni yóò máa dún títí a ó fi ka oore-ọ̀fẹ́. Dùndún kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọwọ́ kan bá ń fi kọ̀ǹgọ́ lù ú, ọwọ́ kejì á máa fún ọsán, ohùn á máa gòkè, á máa sọ̀.

Mo wá ronú pé: tom mẹ́ta, ohùn mẹ́ta. Òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Kí ló tún kù? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìdánrawò kọ́áyà, mo de àwọn tom mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mo pe ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta jókòó, mo sì lu gbólóhùn kan fún wọn: àárín, ìsàlẹ̀, àárín, àárín, òkè. "Ẹrù mi ti dé" ni mo ní lọ́kàn. Ẹni àkọ́kọ́ ní mo sọ pé "Ayọ̀ mi ti dé." Ẹnì kejì, tí ebi ń pa, ní "Ọkà wa ti tán." Ẹnì kẹta béèrè bóyá mo ṣì ń de ìlù náà lọ́wọ́ ni.

Ẹ fi àmì ohùn sórí gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ó rí i pé kò sí ẹni tó ṣìnà nínú àwọn méjì àkọ́kọ́. Bàbá tó ń lu gángan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa wà nítòsí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé gángan, wọ́n sì lu gbólóhùn tèmi gan-an bí mo ṣe lù ú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kò tún mọ̀ ọ́n. Bàbá wá ṣàlàyé pé kò sí onílù tó jẹ́ fi ìhòòhò ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Oríkì ni onílù ń lù, tàbí òwe, tàbí orin tó ti wà létí olùgbọ́ tẹ́lẹ̀; ọ̀rọ̀ náà á sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní lè jẹ́ òmíràn mọ́. Ilé, owó, igbá, ọkọ́: ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lẹ́nu ìlù. (Èyí mú inú mi dùn nítorí àwa ará Èkìtì. Ẹni tó ń pe ilé ní ulé, tó ń pe iṣu ní uṣu, kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú onílù. Fáwẹ̀lì kò kàn án.)

N kò tíì gbà. Mo sá sábẹ́ ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́. Bí a bá pe "ìwé", ohùn òkè tó tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀ kì í fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ló ń gùnkè. Bí a bá pe "rárà", ohùn ìsàlẹ̀ tó tẹ̀lé tòkè ń yọ̀ wálẹ̀ ni. Ọwọ́ tó ń fún ọsán lè ṣe èyí, tom onike kò lè ṣe é. Mo ní ohun tó di drum set lẹ́nu nìyẹn. Mo ti kọ ojú ìwé méjì lórí rẹ̀ kí n tó rántí bàtá. Bàtá kò ní ọsán tí onílù ń fún láti yí ohùn padà. Ojú rẹ̀ méjì, ojú òjò tó tóbi àti ṣáṣá tó kéré, ni alubàtá ń dà pọ̀ mọ́ra. Akólòlò ni wọ́n ń pè é, síbẹ̀ ó ń ki Ṣàngó, ó ń ki egúngún, àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀ sì ń dá a lóhùn. Mo fa ojú ìwé méjèèjì ya.

Ohun tó sọ ìlù di ẹlẹ́nu ni àdéhùn láàárín ẹni tó ń lù ú àti ẹni tó ń gbọ́ ọ. Bí àwùjọ kan bá bá drum set ṣe irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, á sọ̀rọ̀ lọ́la. Allen kò bá wa ṣe é. Nítorí náà, èsì ìbéèrè olùkọ́ mi ni pé kò sọ nǹkan kan.

Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ ìlù rẹ̀, ó ń dún létí mi bí ìgbà tí àwọn ènìyàn bá ń fọ̀rọ̀ wérọ̀. Kí ló fà á? Ẹ wá "Water No Get Enemy" tó jáde ní 1975, ẹ gbàgbé fèrè àti orin fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ máa fetí bá ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ. Nínú rọ́ọ̀kì, béèsì máa ń bọ́ sí ìkínní àti ìkẹta, snare á bọ́ sí ìkejì àti ìkẹrin, gbogbo ẹsẹ̀ lágbo á sì mọ ibi tí yóò tẹ̀. Allen kì í fún wa ní ìyẹn bẹ́ẹ̀ yẹn. Béèsì rẹ̀ máa ń dé ṣáájú ibi tí a ti ń retí rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, hi-hat á ṣí díẹ̀ bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ọwọ́ òsì á fọwọ́ ba snare fẹ́rẹ́ láàárín, bí ẹni tó ń ní "ẹn-hẹn" nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀. Kì í lù ú kíkankíkan. Èyí ló yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo kọ́kọ́ rí fídíò rẹ̀: apá rẹ̀ kì í gòkè.

Ẹ fi wé Ginger Baker, onílù Cream láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń lo béèsì méjì, tí àdálù rẹ̀ nínú "Toad" ní 1966 sì di àwòkọ́ṣe fún àwọn onílù rọ́ọ̀kì. Òun náà wá sí Èkó láti gbọ́ ìlù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ sí Ìkẹjà, ó sì bá Fẹlá ṣe àwo Live! ní 1971. Àdálù kan wà tí òun àti Allen jọ lù ní Berlin ní 1978; wọ́n fi kún àwo náà nígbà tí wọ́n tún un gbé jáde. Baker kò kéré, jáàsì ni òun náà ti wá. Ṣùgbọ́n létí tèmi, ibi tí Baker bá ti rí àyè, á kún un. Allen á fi í sílẹ̀ fún ẹni tó kàn.

Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Ìṣáájú ń tẹnu mọ́ ohun kan náà, gúdúgúdú tó ní ìda lójú ń ta lábẹ́, kẹríkẹrì ní tirẹ̀. Kò sí èyí tó gbé gbogbo ẹrù. Allen pín ẹrù báyìí fún ọwọ́ méjì àti ẹsẹ̀ méjì. Ẹni tó máa ń kọ ohun tí olúkúlùkù yóò fọn fún un ni Fẹlá, ṣùgbọ́n ó fi ìlù sílẹ̀ fún Allen láti ṣètò fúnra rẹ̀. Wọ́n sì máa ń sọ ọ́ pé nígbà tí Allen lọ, onílù mẹ́rin ni Fẹlá nílò láti dí àyè rẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti sọ pé hi-hat ni ìṣáájú, snare ni kẹríkẹrì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bọ́ sí i, nítorí àwọn ẹ̀yà náà ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn kí orin tó parí. Ohun tí a kọ́ nínú ẹ̀kọ́ ìtàkùrọ̀sọ ló bá a mu jù: bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wa, ẹni tó ń dákẹ́ kí ẹlòmíràn lè wọlé, ẹni tó ń já lu ọ̀rọ̀. N kò sì lè sọ pé ti Yorùbá nìkan ni. Ìyá rẹ̀ ní orírun ní Gánà, háíláìfù ló fi jẹun, jáàsì ló sì kọ́ ọ.

Gbólóhùn tó wà nínú iṣẹ́ àṣekágbá mi báyìí ni pé Tony Allen kò mú kí drum set sọ èdè Yorùbá. Ó mú kí ẹ̀yà ìlù kan ṣoṣo máa bá ara rẹ̀ tàkùrọ̀sọ. Olùkọ́ mi kò tíì fi bírò pupa kàn án.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ti yọ tom kan àti kímbálì kan kúrò. Àwọn kan ní ìlù mi ti rọ̀ jù, pé agbára kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n a ti ń gbọ́ oríkì tí Bàbá ń lu ketekete báyìí, èyí tí béèsì mi ti ń bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Ó ku ẹyọ kan. Mo nílò àwọn alubàtá àti oníyàáàlù tí n ó gba ohùn ìlù wọn sílẹ̀ fún orí kẹrin. Ẹni tó bá ní wọn ní mọ̀lẹ́bí ní Ìyìn, Ìgèdè, Arámọ̀kọ tàbí Ẹ̀fọ̀n, kí ó jọ̀wọ́ wá mi kàn ní ẹ̀ka wa kí sáà yìí tó parí. N ó san owó ọkọ̀ wọn.